Inṣọ́ránsì tẹ́ ẹ ní ò ní wá fa Sienna yín kúrò lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n

Lọ́dún tó kọjá, ní ọjọ́ Sátidé kan, aago méje alẹ́ ku díẹ̀, èmi àtàwọn mẹ́rin mìíràn jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n Aláayè lọ sí ìhà Erin-Ìjẹ̀ṣà. Sienna tó gbé wa wà níwájú wa, táyà iwájú kan ti wọ gọ́tà, òórùn búréèkì tó jó sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ìkògòsì la ti ń bọ̀. Ọmọ àbúrò ìyá mi ló ni ọkọ̀, òun náà ló wà á. Ẹnikẹ́ni ò fara pa, a dúpẹ́. Nígbà tí àyà wa balẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dààmú. Mo ní inṣọ́ránsì."

Ó wọ inú ọkọ̀, ó fa ìwé náà yọ, ó pe nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀. Obìnrin tó gbé e fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó béèrè pé ta la kọlù. Àbúrò mi ní a ò kọlù ẹnikẹ́ni, gọ́tà la kó sí. Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Third party lẹ ní. Ọkọ̀ tiyín gan-an ò sí nínú ìwé yẹn o." Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Aago mẹ́wàá ti kọjá kí ọkọ̀ tó máa fà wá tó dé láti Iléṣà, a sì kówó lé e lọ́wọ́ kó tó so wá mọ́ ọn.

Mi ò bínú sí ilé iṣẹ́ yẹn. Wọn ò jẹ wá ní nǹkan kan. Àwa la ra ẹyin tá a rò pé adìyẹ la rà. Ohun tó sì jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń ṣètò ìrìn-àjò afẹ́ léèrè irú inṣọ́ránsì tí ọkọ̀ wọn ní, àwọn tó mọ̀ ò tó nǹkan. "Ó wà níbẹ̀, nígbà tá a lọ tún ìwé ọkọ̀ ṣe ni wọ́n fún wa." Ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ jù nìyẹn.

Àwọn òyìnbó ní ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ bí ilé, tó ní bẹ́ẹ̀dì, ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. Tiwa níbí, Sienna ni, tàbí Hiace tó ti rin Èkó sí Ìbàdàn títí. Ẹ̀ ń rí wọn lórí Instagram: wọ́n yọ ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n tẹ́ fóòmù sí i, wọ́n gbé gáàsì kékeré àti bátìrì sólà sí i, ó di ilé. Ìwọ̀-oòrùn Èkìtì sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń forí lé. Ìkògòsì wà níbẹ̀, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé ara wọn. Omi Àríńtà wà ní Ìpólé-Ìlórò, kò jìnnà síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn á yà sí Ọ̀kẹ́mẹ̀sí, ìlú Fábùnmi, akọni ogun Kírìjì. Ẹ bá tún sọ̀ kalẹ̀ sí apá Ọ̀ṣun, omi Olúmirìn ti Erin-Ìjẹ̀ṣà ń dúró dè yín. Ibi tó dùn ún wò ni gbogbo wọn, orí òkè ni gbogbo wọn sì wà. Ẹni tó bá ti wakọ̀ gba Ẹ̀fọ̀n kọjá mọ ohun tí mò ń sọ: òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, títì ń lọ́ láàárín wọn bí ejò. Ọkọ̀ tó kún, tí ẹrù wà lórí rẹ̀, á fi búréèkì jẹ iyọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé tí gbogbo èèyàn ní. Third party ni òfin sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Láti ayé òyìnbó amúnisìn ni òfin náà ti wà, láti 1945. Òfin inṣọ́ránsì ti 2003 tún un sọ, bẹ́ẹ̀ ni òfin tuntun tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí lọ́dún 2025, tó rọ́pò ti 2003, kò gbé dandan náà kúrò lọ́rùn wa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2023, NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso ilé iṣẹ́ adójútòfò, ti gbé owó rẹ̀ fún ọkọ̀ àdáni láti ₦5,000 sí ₦15,000 lọ́dún. Ohun tó wà fún ni ẹlòmíì: ẹni tẹ́ ẹ gbá, tàbí dúkìá ẹni tẹ́ ẹ bà jẹ́, tó fi dé mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Tẹ́ ẹ bá fi Sienna yín fọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan ní ọjà Arámọkọ, ó kàn yín, ó sì kàn wọ́n. Tẹ́ ẹ bá kó sí gọ́tà fúnra yín, ẹ̀yin àti gọ́tà lẹ jọ máa sọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ṣì ń rin ìrìn láìní in rárá, ẹ rántí pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà káàkiri orílẹ̀-èdè.

Comprehensive ni èyí tó mú ọkọ̀ tiyín náà mọ́ ọn: ìjàǹbá, iná, olè. NAICOM sọ pé owó rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n kọ pé ọkọ̀ náà tó. Ẹ ṣírò ẹ̀: Sienna tẹ́ ẹ kọ mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà sí lórí, ₦400,000 lọ́dún ló kéré jù. Mo mọ̀ pé owó yẹn ń dùn yín nínú kẹ́ ẹ tó san án. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kọ pé mílíọ̀nù mẹ́rin ni ọkọ̀ wọn tó, kí owó lè dínkù. Ọjọ́ tí olè bá gbé e lọ, mílíọ̀nù mẹ́rin náà ni wọ́n máa gbé lé yín lọ́wọ́, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ bá rọrùn. Ẹ má sì gbé e ga ju bó ṣe tó lọ, torí iye tí ọkọ̀ ń tà lọ́jà lọ́jọ́ náà ni wọ́n sábà máa ń wò.

Ẹ tún béèrè nípa omíyalé àti rògbòdìyàn ìgboro. Àwọn ilé iṣẹ́ kan fi wọ́n sínú comprehensive, àwọn kan ní kẹ́ ẹ fowó kún un. Kẹ́ ẹ sì béèrè iye tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ yọ kí ilé iṣẹ́ tó fi tiwọn lé e. Bó bá jẹ́ pé ₦50,000 lẹ máa kọ́kọ́ san, bọ́ńpà tí wọ́n máa fi ₦40,000 tún ṣe ò kàn wọ́n.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà rèé. Nígbà tí mo tún ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn rò, mo rí i pé ká tiẹ̀ ní àbúrò mi ní comprehensive, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má san kọ́bọ̀. Kí ló fà á? Ó ti gbé e sórí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp rẹ̀: "Ìkògòsì lọ àti bọ̀, ₦25,000 lórí." Àwọn mẹ́ta nínú wa san owó náà. Mi ò san, ẹ̀gbọ́n ni mí.

Nínú ìwé inṣọ́ránsì, ibì kan wà tí wọ́n ti kọ ohun tẹ́ ẹ máa fi ọkọ̀ náà ṣe. Àdáni ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń mú. Ohun tí àdáni túmọ̀ sí ni pé ẹ̀ ń gbé ara yín àti ẹbí yín lọ síbi tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ ò gbowó lọ́wọ́ èrò, ẹ ò sì fi ọkọ̀ háyà. Bẹ́ ẹ bá ti ń gbowó orí, ọkọ̀ èrò nìyẹn lójú ilé iṣẹ́ adójútòfò, ọkọ̀ èrò sì ní ìwé tirẹ̀ àti owó tirẹ̀. Tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, wọ́n máa rán ẹnì kan tó máa wá bi gbogbo èrò inú ọkọ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Ẹnì kan á kàn ṣèèṣì sọ pé, "₦25,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi o," ó parí.

"Ṣé táwọn ọ̀rẹ́ bá dá owó epo jọ náà ńkọ́?" Ìbéèrè tó dáa. Ọ̀rẹ́ márùn-ún tí wọ́n jọ dá owó epo, tí ẹnikẹ́ni ò jèrè níbẹ̀, yàtọ̀ sí ẹni tó ń polówó ìrìn-àjò tó sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìwé kan ò dà bí èkejì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí wọn lórí ímeèlì kẹ́ ẹ tó sanwó: "Mo máa ń gbé ọ̀rẹ́ lọ sí ìrìn-àjò afẹ́, a sì máa ń dá owó epo. Ṣé ìwé yìí gbà á?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ èsì. Ọ̀rọ̀ tí aṣojú wọn bá sọ lórí fóònù, afẹ́fẹ́ ni. Èyí tí wọ́n bá kọ ni ẹlẹ́rìí yín. Tó bá sì jẹ́ pé òwò lẹ fẹ́ fi ìrìn-àjò yìí ṣe, kí ẹ máa kó èrò lọ sí Ìkògòsì lóṣooṣù, ẹ gba ìwé ọkọ̀ èrò. Owó ẹ̀ ju ti àdáni lọ. Ẹ fi lé owó orí tẹ́ ẹ̀ ń gbà.

Fóòmù àti gáàsì náà tún ń bẹ. Ilé iṣẹ́ adójútòfò rò pé Sienna tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń dójú tì òfò rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti yọ ìjókòó, tẹ́ ẹ kan bẹ́ẹ̀dì onípákó mọ́ ọn, tẹ́ ẹ fa wáyà bátìrì sólà káàkiri inú rẹ̀, tẹ́ ẹ sì so gáàsì mọ́ ẹ̀yìn, ọkọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ sọ fún wọn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Iná tó bá ṣẹ́ látinú gáàsì tí wọn ò mọ̀ nípa rẹ̀ á di ẹjọ́. Láptọ́ọ̀pù, fóònù àti kámẹ́rà tó wà nínú ọkọ̀ kì í sábà wà nínú inṣọ́ránsì ọkọ̀ rárá, ohun tó bá jẹ́ ara ọkọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ ní láísẹ́ǹsì tí àsìkò rẹ̀ ò tíì kọjá, kí èrò má sì ju iye ìjókòó tó kù lọ. Àwọn tó ń jókòó sórí fóòmù lẹ́yìn, tí wọn ò ní bẹ́líìtì, mò ń bá yín wí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí òkúta tá a jókòó lé. Ìrànlọ́wọ́ ojú ọ̀nà, ìyẹn kí ẹnì kan wá fa ọkọ̀ yín, tàbí kó wá bá yín jọ́ọ̀ǹpù bátìrì, tàbí kó gbé epo wá, nǹkan ọ̀tọ̀ ni sí inṣọ́ránsì. Ohun tí èmi náà ò mọ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn. Inṣọ́ránsì ń san owó lẹ́yìn tí nǹkan ti bà jẹ́. Kì í gbéra wá bá yín. Àwọn comprehensive kan fi owó fífa ọkọ̀ kún un, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi iye kan sí i, tó jẹ́ pé ohun tó bá lé, ẹ̀yin lẹ máa san án. Ó sì lè jẹ́ ìjàǹbá nìkan ló wà fún. Tí ẹ́ńjìnnì bá kàn kú, tí rédíétọ̀ bá jò, tí ẹnikẹ́ni ò kọlù yín, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kò kàn wọ́n. Búréèkì tiwa yẹn ńkọ́? Kó tó wọ gọ́tà, ọkọ̀ tó bà jẹ́ ni. Lẹ́yìn tó wọ gọ́tà, ìjàǹbá ni.

Àwọn tó ń ta ìrànlọ́wọ́ ojú ọ̀nà lọ́tọ̀ wà, ẹ máa ń san owó ọdún kan fún wọn. Èkó ni púpọ̀ nínú wọn fìdí kalẹ̀ sí. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ má bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń ṣiṣẹ́ "káàkiri Nàìjíríà." Gbogbo wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi wọ́n báyìí: "Tí ọkọ̀ mi bá kú ní oríta Ìtawúrẹ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Sunday, ibo ni ọkọ̀ tó máa fà mí ti máa gbéra? Wákàtí mélòó? Kìlómítà mélòó lẹ máa fà mí dé lọ́fẹ̀ẹ́? Ta ló ń sanwó fún un níbẹ̀, ẹ̀yin ni àbí èmi ni màá san kí n tó wá gbà á lọ́wọ́ yín?" Ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ yín pé ìpínlẹ̀ wo ni Ìtawúrẹ́ wà, ẹ ti mọ ìdáhùn nìyẹn. Láti ibẹ̀, Adó ni tàbí Iléṣà ni ìrànlọ́wọ́ ti máa wá. Ilé iṣẹ́ tí kò bá ní ẹnì kankan nínú méjèèjì, láti Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ ni yóò ti ran ọkọ̀, ilẹ̀ á sì mọ́.

Ẹ tún béèrè nípa ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, torí àwọn kan ò ní wọ inú rẹ̀, àti iye ìgbà tẹ́ ẹ lè pè wọ́n lọ́dún. Ẹ̀yin tó ń wa Hiace, ẹ béèrè ìwọ̀n ọkọ̀ tí wọ́n lè gbé. Kì í ṣe tiwa níbí nìkan ni irú èyí o. Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà mọ AAA, ẹgbẹ́ onímọ́tò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1902. Ẹni tó bá ní ilé orí táyà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fowó kún owó ẹgbẹ́ kí wọ́n tó lè wá fa irú ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kì í mọ̀ títí di ọjọ́ tó bá kú.

Kí ló dé tí mo fi ń pariwo alẹ́? Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì: Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn. Apá Ìkọ̀lé ló ti ṣẹlẹ̀, ó jìnnà sí Ẹ̀fọ̀n, mi ò sì sọ pé kẹ́ ẹ má wá sí Èkìtì. Inú mi dùn púpọ̀ bẹ́ ẹ bá wá, àwọn ará Ìkògòsì náà á dùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kú lálẹ́ láàárín igbó kì í ro ti ọkọ̀ nìkan. Owó tẹ́ ẹ san kí ẹnì kan lè tètè dé, torí ìyẹn ni. Ẹ kúrò ní Ìkògòsì ní aago méjì ọ̀sán. Àwa kúrò níbẹ̀ ní aago márùn-ún torí ẹnì kan fẹ́ ya fọ́tò sí i.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú. Ọ̀pọ̀ ìwé inṣọ́ránsì tí àwọn alágbàtà ń tà lẹ́bàá ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ ò sí lórí àkọsílẹ̀ ibì kankan. Ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ní ibi tí wọ́n kó gbogbo ìwé tó jẹ́ ojúlówó sí, NIID ni wọ́n ń pè é. Ẹ lọ sí askniid.org, ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín, ìwé yín á jáde tó bá jẹ́ òótọ́. Ìṣẹ́jú méjì ni. Bó bá jẹ́ pé "kò sí" ló gbé jáde, ₦15,000 yín ti lọ, ẹ tètè ra òmíràn. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kẹ́ ẹ máa lo ìwé lọ, kẹ́ ẹ sanwó lóṣù tó ń bọ̀. Ní Nàìjíríà, bẹ́ ẹ ò bá tíì sanwó, ẹ ò ní inṣọ́ránsì.

Ẹ̀yin tó fẹ́ gbé ọkọ̀ kọjá ààlà lọ sí Kútọnu tàbí Lómè, ìwé ilé nìkan ò tó. Brown Card ti ECOWAS lẹ máa gbà, ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Kútọnu ní 1982 ló bí i. Ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì yín ni kẹ́ ẹ bi.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, tẹ́ ẹ sì wà lójú ọ̀nà yẹn? Ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta tàbí ẹ̀ka igi síwájú àti sẹ́yìn, kó jìnnà dáadáa, torí àwọn tírélà tó ń bọ̀ látorí òkè ò lè tètè dúró. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ kúrò lójú títì. Nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ni 122, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fà á: nọ́ńbà rẹ̀, gọ́tà, táyà, ojú ọ̀nà. Ẹ pe ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì lálẹ́ ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan tú nǹkan kí wọ́n tó rán ẹni tó máa wò ó wá, àfi bó bá jẹ́ ohun tó máa gbé yín kúrò nínú ewu. Kẹ́ ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó fa ọkọ̀. Àwa ò gbà á. Ó kọ iye owó náà sórí páálí sìgá, ó fún wa.

Àbúrò mi tún Sienna rẹ̀ ṣe tán ní oṣù kejì ọdún yìí. Ó pe ilé iṣẹ́ mẹ́ta, ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè Ìtawúrẹ́. Àkọ́kọ́ ní òun máa pe é padà. Èkejì béèrè bóyá Ọ̀ṣun ni. Ẹ̀kẹta dárúkọ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Adó, ó sì fi nọ́ńbà ẹni náà ránṣẹ́. Àbúrò mi pe nọ́ńbà náà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ láti dán an wò. Wọ́n gbé e.